Ọdún Tí Àǹtí Ràfá Ya Ibi Tí A Ti Wá

Fèrè ilé-iṣẹ́ ló máa ń jí wa ní Agége, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ wà o. Ìyá Ìjẹ̀bú, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ní méjì, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn náà ti kọ́ láti máa dúró de fèrè kí wọ́n tó kọ. Fèrè àkọ́kọ́ máa ń wá láti apá Ọ̀gbà, á gùn bí ẹni tó ń yán; èkejì máa ń wá láti Ìkẹjà, kúkúrú báyìí, bí ẹni tí inú ń bí. Láàárín méjèèjì, wọ́n á ti kírun àsùbáà tán, àwọn obìnrin á ti máa fẹ́ iná èédú, nítorí kẹrosíìnì ti di ohun tí à ń tò fún, àwọn ọkùnrin á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, tí oníkálukú ń wúkọ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ilé gígùn ni ilé wa. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀nà kan ṣoṣo la gbogbo rẹ̀ já dé ẹ̀yìnkùlé, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbé nìyẹn. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni mo tó mọ̀ pé ìwé wà tí wọ́n kọ nípa irú wa, Àǹtí Ràfá ló sì kà á fún wa.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Ràfá, ọmọ ìyàwó tí bàbá wọn fẹ́ gbẹ̀yìn nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ló mú un wá sí Agége nígbà tó parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì ń bá wa gbé nínú yàrá méjì tí a ní. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú kan ní Ìkẹjà títí nǹkan fi le, tí ìjọba ológun kó ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí ilé-iṣẹ́ náà kò rí ohun èlò rà láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó dé gbẹ̀yìn kọ́kọ́ máa lọ sílé. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sunkún. Àǹtí Ràfá sun ẹkún tirẹ̀ fún ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ó ní òun fẹ́ di olùkọ́. Ohun kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà: kò ní jọ́gíráfì nínú ìwé mẹ́wàá rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó fẹ́ lọ sì ní àfi tó bá ní in. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ti ránṣẹ́ láti ilé pé ọmọbìnrin kì í gbó sínú ìwé, kó wálé wá lọ́kọ. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan sí i, wọ́n sì gbà fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá yege, kó dúró. Bí kò bá yege, kó di ẹrù rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ àdéhùn náà, títí kan èmi tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì máa ń gbàdúrà lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe ń gbàdúrà fún ara mi lọ.

Mi ò tíì rí ẹni tó kàwé bí obìnrin yẹn, mo sì ti rí ọ̀mọ̀wé o. Bó bá ń fọṣọ, ìwé á wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, èmi ni màá máa ṣí ojú ewé nítorí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń ro ọkà láfún, ẹnu rẹ̀ á máa ka ohun tó kà lánàá. Kò sì ń kà á fún ara rẹ̀ nìkan. Á ka gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, á dúró, á wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, nítorí ó ní ohun tí òun kò bá lè sọ yé Ìyá Ìjẹ̀bú, a jẹ́ pé òun alára kò tíì mọ̀ ọ́n.

“Ìwé yìí ní nǹkan méjì ló ń gbé èèyàn kúrò nílùú ẹ̀,” ló wí lọ́jọ́ kan tí à ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. “Nǹkan kan á máa tì í látẹ̀yìn, nǹkan kan á sì máa fà á níwájú.”

“Èmi ò rí ẹni tó tì mí o,” ni Ìyá Ìjẹ̀bú wí. “Ọkọ ló fà mí. Kó tún wá fà mí padà, ó ti kú.”

Bàbá Súlè, télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, gbọ́ wa láti ọ̀hún. “Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ta ló jẹ́ ti èèyàn? Oníkálukú ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn.” Gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá Súlè ló máa ń gba Ọ̀yọ́ kọjá. Ó mọ orúkọ gbogbo agboolé ibẹ̀, ó mọ igi tó wà níwájú ilé bàbá rẹ̀ àti irú ẹyẹ tó ń sùn lórí rẹ̀. Àwa ọmọdé máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án nítorí ìtàn yẹn.

Lọ́jọ́ mìíràn, Àǹtí Ràfá ní ìwé sọ pé kì í ṣe máìlì nìkan ni wọ́n fi ń wọn bí ibì kan ṣe jìnnà tó, pé èèyàn lè fi owó ọkọ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì lè fi àkókò wọ̀n ọ́n. Màmá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìwé, gbójú sókè nídìí ọlọ. “Ó dáa nígbà yẹn. Ẹ bá mi sọ fún ìjọba pé Ìkẹjà ń jìnnà sí Agége lóṣooṣù.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ abọ́ tánganran ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ọdún yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tó ń fi bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá kí ìsàlẹ̀ bàtà náà má baà tètè jẹ. Á dé ẹnu géètì kó tó wọ̀ ọ́. Kò ráhùn létí wa rí. Nígbà tí Àǹtí Ràfá tọ́ka sí ìlà ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ohun tí ìwé ń pè ní dẹ́ńsítì nìyẹn, èèyàn púpọ̀ lójú kan, bàbá mi kàn ní kí dẹ́ńsítì tó wà nínú balùwẹ̀ yára jáde, òun ti pẹ́.

Àǹtí Ràfá ń lọ sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Mángòrò, mo sì máa ń bá a lọ nígbà mìíràn. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni pé wọ́n ń kọ́ ìwé sórí bí orin, wọn kò sì lè mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo jáde láti àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ó ní kí oníkálukú lọ wádìí ilé tirẹ̀, kó mọ ibi tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti wá, kó yà á, kó fa ọfà láti ìlú kọ̀ọ̀kan wá sí Agége, kí ọfà tó kó èèyàn púpọ̀ sì nípọn ju àwọn yòókù lọ. Bàbá mi gba páálí ńlá kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń kó abọ́ sí. Àǹtí Ràfá tú u, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti wá?” Wọ́n á sọ fún un tayọ̀tayọ̀. Ọ̀yọ́. Ìṣẹ́yìn. Ìjẹ̀bú-Igbó. Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó kàn mí, mo na ọrùn, mo ní, “Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí.” Kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí wọn kò kọ́ ní ìdáhùn yẹn kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ení èjì. Báírò pupa àti búlúù ló fi yà á. Ọfà Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi bí ọrùn ọwọ́. Nígbà tó parí, gbogbo ilé wá wò ó, oníkálukú ń wá ìlú tirẹ̀, wọ́n sì ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Olùkọ́ náà gbé páálí sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. “Ó mọ́ lójú,” ló wí. “Ṣé kò sí ẹni tí wọ́n bí sí Agége nínú ilé yín ni?”

“Rárá, sà,” ni Àǹtí Ràfá dáhùn.

“Gbogbo ọmọdé ilé yín pátá ló wọkọ̀ wá?” Ọkùnrin náà yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn. “Ìwọ, níbo ni wọ́n bí ẹ sí?”

Mo dìde. “Agége ni, sà.”

“Fi ara ẹ hàn mí lórí páálí yìí.”

Mo rìn lọ síwájú, mo sì fi ìka kan ọfà tó tóbi bí ọrùn ọwọ́ yẹn, èmi tí n kò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé mi. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. “Ìdílé lo bi wọ́n,” ni olùkọ́ náà sọ fún Àǹtí Ràfá, kò sì pariwo mọ́ ọn. “Ìrìn ẹsẹ̀ ni ìwé ń béèrè. Bó o bá kọ eléyìí níbi ìdánwò, wọ́n á tún dá ẹ padà, kì í sì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ.”

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Àǹtí Ràfá béèrè, ó sì ṣìnà. Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà yẹn, n kò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí o ti wá, ilé bàbá rẹ ni wọ́n ń béèrè, ibi tí wọ́n sin àwọn ẹni rẹ sí. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Àǹtí Ràfá tó yíjú sí mi. Ó wá ní, “Mo mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ẹ sí, Mùní. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìdánwò ku oṣù kan.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń béèrè ibi tí wọ́n bí wọn sí, àti ibi tí wọ́n sùn sí gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i. Ìyá Ìjẹ̀bú bi í bóyá ọlọ́pàá ló rán an. Ti Bàbá Súlè ló le jù. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ní, “Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ kékeré fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ àlè ni mí.” Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá wa lóhùn nígbà tí a bá kí i. Àǹtí Ràfá kò yéé kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kò sì tún béèrè mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá Súlè fúnra rẹ̀ ló pè é, kò sì gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń rán.

“Orílé Agége ni wọ́n bí mi sí, lọ́dọ̀ ìyá mi,” ló wí. “Bàbá mi kú kó tó mú mi délé. N kò dé Ọ̀yọ́ rí, Ràfá. Ohun tí bàbá mi sọ fún mi ni mò ń sọ fún yín.”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Kí ni mò ń bínú sí? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ Ọ̀yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibì kan, kí wọ́n má baà rò pé mi ò nílé.”

Àǹtí Ràfá fi báírò sàmì sí i nínú Agége gan-an, ó wá to ìsàmì kéékèèké láti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, láìfi orí ọfà sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún èmi àti gbogbo ọmọdé ilé náà, oníkálukú lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Ìsàmì kéékèèké yẹn kò sí nínú ìwé rẹ̀, òun ló ronú kàn án. Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo sì gbà pé òun ló jẹ́ òótọ́ jù lọ lórí páálí náà.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Bàbá Àgbà fúnra wọn dé, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, pẹ̀lú àpò láfún kan. Wọ́n mu omi, wọ́n súre fún wa, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá. “Ràṣídì, mo wá mú Ràfá ni. Ìdílé ire kan ti wá tọrọ ẹ̀. Wọ́n ń retí èmi pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni bàbá mi wí, “ẹ ti fún wa ní ẹ̀ẹ̀kan yìí.”

“Mo fún yín kí wọ́n tó dé. Ṣé wọ́n á máa dúró de ìwé ni?”

Bàbá mi wà nínú aṣọ kákí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ti rí i tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó máa ń dìde. Lọ́jọ́ yẹn kò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ pé, “N kò ní lè jẹ́ kó lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò ẹ̀ ná.”

“Dìde, Ràṣídì.”

“Ibí yìí náà dáa, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀rù bà mí, orí mi sì wú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè dojú bolẹ̀ kó sì máa kọ̀. Ẹ̀rọ Bàbá Súlè ti dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú kò jẹ́ kí Bàbá Àgbà máa wo àbúrò wọn lórí ilẹ̀, wọ́n bá gbójú sára ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí páálí tí a gbé kọ́. Wọ́n béèrè ohun tó jẹ́. Àǹtí Ràfá, tó ti kúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, rìn lórí eékún débẹ̀, ó fi Agége hàn wọ́n, ó fi ilé hàn wọ́n, ó ní bí gbogbo wa ṣe wá ni ọfà wọ̀nyẹn ń sọ. Bàbá Àgbà kò mọ̀wé. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka tọ ọfà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

“Gbogbo ọfà yín ló ń wọlé,” ni wọ́n wí. “Ṣé kò sí ẹni tó jáde rí ni?”

Àǹtí Ràfá yíjú sí bàbá mi lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ló tún sọ̀rọ̀.

“Kí Ràṣídì tó mọ ṣòkòtò wọ̀ ni mo ti wà ní Agége yìí. Obì ni mò ń rù látinú oko lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, títí awọ fi bó lọ́rùn mi. Owó ẹ̀ ló rán an nílé-ìwé. Ẹsẹ̀ bàbá wa ló ṣàìsàn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wálé, èmi sì ni àgbà. N kò padà síbí mọ́ láti ṣiṣẹ́. Níbo lẹ fi èmi sí?”

Títí di ọjọ́ yẹn, ìyẹn kò dé etí mi rí. Mo rò pé ilé ni wọ́n bí Bàbá Àgbà mọ́, bí igi. Àǹtí Ràfá mú báírò. Ó fa ọfà kan jáde láti Agége, wọ́n sì dúró tì í títí báírò fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. “Jẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i,” ni wọ́n wí. “Èmi nìkan kọ́.” Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n di bàbá mi léjìká mú, tí wọ́n fà á dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà nìkan ló padà sílé. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n pe Àǹtí Ràfá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. “Mò ń lọ sọ fún wọn pé ọmọ mi ń ṣe ìdánwò, àti pé á yege. N kò ní sọ pé bóyá. N kò purọ́ fún ìdílé yẹn rí, Ràfá.” Àǹtí Ràfá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹrù ìwé ni òun ń rù tẹ́lẹ̀, pé ní báyìí, ẹrù èèyàn ni.

Ó ṣe ìdánwò náà. Ohun tó sọ fún wa kò ju pé ìbéèrè kan wà lórí ìṣíkiri, òun sì kọ ọ́ títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ òun. A dúró fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí èsì jáde, òun nìkan ló lọ gbà á, ó padà dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀nà láàárín yàrá àti yàrá, ó sì na ìwé náà sí bàbá mi. Kírẹ́díìtì ni. Ìyá Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá mi kò lọ sílé, nítorí ta ló ń lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo? Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ra búrẹ́dì méjì, ó ki ìwé èsì bọ àpò àyà, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé ló sọ fún wa bó ṣe rí. Ó ní ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fún Ràfá ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti kúrò nílẹ̀. Síbẹ̀ Bàbá Àgbà wọ agbádá, wọ́n mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé àwọn èèyàn náà, wọ́n ní kó ka ìwé jáde. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà, kó gbóhùn sókè, nítorí ìyá àgbà kan nínú ilé náà kò gbọ́ràn dáadáa. Ó tún un kà. Àwọn èèyàn náà kí wọn kú oríire, wọ́n sin wọ́n dé ìta.

Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Bàbá Àgbà tó dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ràṣídì, ṣé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí nítorí tèmi lo ṣe kà á bẹ́ẹ̀?”

Bàbá mi sún mọ́ wọn. Ó ṣí ìwé náà, ó mú àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ọ̀rọ̀ náà.